Lándírófà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Tì

Ewúrẹ́ mẹ́rin ló ń gbé inú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí Abọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ fojú kàn án. Ìyá ewúrẹ́ jókòó síbi ìjókòó dírẹ́bà, ó ń jẹ àpọ́jẹ, ó sì tẹjú mọ́ iwájú gan-an bí awakọ̀ tó ń retí kí èrò pé kó tó ṣí. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tò sẹ́yìn bí èrò tó ti sanwó. Adìẹ kan ti yé ẹyin méje síbi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Koríko ti gba abẹ́ ọkọ̀ wọlé, ó ti gba fèrèsé jáde, ó sì ti ń ronú àtigun òrùlé.

Ẹlòmíràn ì bá wò ó ní àwókù irin kó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n àyà Abọ́sẹ̀dé sọ kì bíi ti ọmọge tó pàdé ẹni tí yóò fẹ́. Lándírófà ni. Lándírófà ayé àtijọ́, tó ní igun mẹ́rin bí àpótí, tí iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra bí ojú òwìwí.

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú Abọ́sẹ̀dé ti rí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ó ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà ní Jọ́gíráfì kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kan, ní abúlé kan tó wà lẹ́yìn Ijagbo. Oyè dáa, ọ̀nà ni kò dáa. Ọ̀nà ọ̀hún kì í ṣe ọ̀nà rárá. Ìjà ni, tí ilẹ̀ àti omi ti ń jà láti ayé Nóà, tí wọn kò tíì rí ẹni là wọ́n. Àwọn ọ̀gá àgbà mẹ́ta tó jẹ ṣáájú rẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń yọjú síbẹ̀, bí ẹyẹ lékeléke. Ọkọ̀ Kòrólà Abọ́sẹ̀dé gbìyànjú fún tààmù kan, ó mu omi títí ọ̀pọ̀lọ́ fi ń ké nínú sálẹ́ńsà rẹ̀. Ó tà á. Ó bọ́ sórí ọ̀kadà, ọ̀kadà gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, ìṣojú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni.

Bẹ́ẹ̀ ó ti dìde níwájú àwọn òbí nípàdé, ó ti sọ pé ní gbogbo ọjọ́ tí aago ilé-ẹ̀kọ́ bá dún, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ rí lẹ́nu géètì. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Ọkọ̀ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà ló kù.

Ẹni tó ni ọgbà tí Lándírófà náà wà jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní Ijagbo. Bàbá Jacob ni wọ́n ń pè é. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, eyín rẹ̀ ku mẹ́rin, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ kára.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ta ló ni ọkọ̀ yìí?"

"Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni."

"Ṣé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè tà á?"

Bàbá wò ó láti orí dé bàtà. "Bí ẹ bá fẹ́ lọ gé e tà fún oníkọ́ńdẹ́mù tó ń ra àwókù irin, ọ̀nà Ọ̀fà nìyẹn. Ẹ máa lọ."

"Rárá o, Bàbá. Mo fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ ni. Lójoojúmọ́."

"Lójoojúmọ́?"

"Nínú òjò, nínú ẹrẹ̀."

Bàbá Jacob ṣí fìlà. Òun ló wa ọkọ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, láti ìgbà tí wọn kò tíì dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Ó ti fi kó irúgbìn, ó ti fi kó ajílẹ̀, ó ti fi gbé aboyún mọ́kànlá lọ sí ilé ìwòsàn. Mẹ́ta nínú wọn kò lè dúró, inú ọkọ̀ ni wọ́n bí sí. Nígbà tí ìjọba lù ú ní gbàǹjo, òun ló rà á. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó rò ó pé kàkà kí oníkọ́ńdẹ́mù gbà á, kí ewúrẹ́ gbà á.

"Máa gbé e," ló wí. Owó tó gbà kò lè ra àgbò tó ní ìwo kan.

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ sínú koríko. "Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ń bọ̀ lọ́la láti wá dúpẹ́."

"Mo ń retí rẹ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán."

Katakata ló fà á wọ Ọ̀fà. Kí wọ́n tó dé ojú irin, ogójì ọmọdé ti tò tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n kọjá ọjà, wọ́n ti di ọgọ́rùn-ún, arúgbó kan lórí òkè ilé sì ń kéde pé òyìnbó tó lọ lọ́dún òmìnira ló ń padà bọ̀ wá mú ohun tó gbàgbé. Gbádé, ọkọ Abọ́sẹ̀dé, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé. Akọ̀wé ni Gbádé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilemona, èèyàn jẹ́jẹ́, ẹni tó ń de bẹ́líìtì mọ́ ṣòkòtò tó ní okùn, nítorí bí ọ̀kan bá já.

"Ìyá Tófúnmi, kí nìyí?"

"Ọkọ̀ ni, Daddy."

"Mo rí i pé ó ti jẹ́ ọkọ̀ rí. Kí ló jẹ́ báyìí?"

"Ẹ sáà fún un láyè. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, yóò máa sáré."

Gbádé rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń yẹ òkè ìṣòro wò. Ó dúró. "Ó dáa. Kí á ṣe àdéhùn. Mo fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Bó bá gbé ẹ lọ, tó gbé ẹ bọ̀ lọ́jọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tí ẹnikẹ́ni ò tì í, èmi fúnra mi ni mo máa máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀dá èèyàn kan bá fọwọ́ tì í pẹ́nrẹ́n, oníkọ́ńdẹ́mù ń bọ̀ wá gbé e."

"Ta ni ẹlẹ́rìí?"

"Roseline."

Abọ́sẹ̀dé mí kanlẹ̀. Roseline ni olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n jọ ń lọ síbi iṣẹ́, obìnrin tí irọ́ kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó ti fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sun ọ̀gá rí nítorí ó pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n ìdùnnú kì í jẹ́ kéèyàn ro ibi. "Mo gbà," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Ọ̀la tó ní òun ń padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Jacob dé, ó sì kọjá. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń fọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàrákàt ni mẹkáníìkì tó gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó jogún sípánà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, yóò so híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, yóò sì dákẹ́ gbọ́ ọkọ̀ bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà. Wọ́n ní bí ọkọ̀ kan bá wúkọ́ ní Ẹ̀rìn-Ilé, Bàrákàt lè jókòó sí Ọ̀fà kó dárúkọ púlọ́ọ̀gì tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Mummy, èyí kì í ṣe ọkọ̀. Ìwé ìtàn ni."

"Ṣé o lè kà á?"

"N ó kà á. Ṣùgbọ́n eku ti jẹ ojú ewé bíi mélòó kan."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi jà. Wọ́n gbẹ́ ilé eku jáde lábẹ́ ìjókòó. Ilé eku náà tóbi débi pé ó ní pálọ̀. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò dípẹtà, torí irin tó fúyẹ́ bíi ti ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n férémù tó gbé e ti jẹrà, wẹ́dà sì jó o títí iná ìjọba fi ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan. Wọ́n ri kábúrétọ̀ sínú bẹntiróòlù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń pọ iyanrìn bí ẹni pé etídò ló ti ń jẹun. Wọ́n tún búréèkì ṣe. Wọ́n fi tapólì rán ìjókòó. Táyà mẹ́rin tí Bàrákàt rí rà ga débi pé àwọn aládùúgbò ń dúró sí abẹ́ ọkọ̀ yẹ òjò.

Abọ́sẹ̀dé ò lè jókòó sílé. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, ó yẹ kó máa sùn, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà àárọ̀ kò bá a lórí ibùsùn rí. Òun ló gba iṣẹ́ kíkùn. Ó ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó ra búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó kun ilẹ̀kùn, ó kun bọ́nẹ́ẹ̀tì, òde àti inú. Ó kun gbogbo àwo irin kéékèèké tí wọ́n kàn mọ́ inú rẹ̀, kò ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Ó kun gbogbo ohun tí kò lè sá.

"Mummy," ni Bàrákàt wí lábẹ́ ọkọ̀, "ẹ ti kun sípánà mi."

"Má bínú."

"Ẹ ti kun bàtà mi náà."

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ sítáàtà fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ojú irin fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàrákàt gbé bátìrì tuntun sí i, ó so ó bí wọ́n ṣe ń so gbogbo bátìrì láti ìgbà ìwáṣẹ̀: okùn dúdú mọ́ ara ọkọ̀, okùn pupa mọ́ ibi tí iná ti ń lọ ṣiṣẹ́. Abọ́sẹ̀dé tẹ ẹ́. Ọkọ̀ ní hùn. Ó dákẹ́. Ó tún ní hùn, hùn, hùn, ó sín, ó tu èéfín dúdú kan tó fi ọ̀sán ṣe ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn rururu bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, aya Gbádé, gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó sì jó láti ṣọ́ọ̀bù títí dé ojú irin, ó jó padà.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ìlú rí nǹkan. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kó lọ dúró sí kọ́nà kó máa wo Abọ́sẹ̀dé bó ṣe ń bá sítíárìn Lándírófà wọ̀yá ìjà. Apá rẹ̀ le láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹrẹ̀ tó gbé ọ̀gá àgbà mẹ́ta mì, Lándírófà gùn ún kọjá bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó fa bọ́ọ̀sì kan jáde nínú kòtò, èrò inú bọ́ọ̀sì sì ń súre fún un títí wọn kò fi rí i mọ́. Roseline jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ń kan òrùlé ní kòtò kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ ohunkóhun ju "A ti dé, ó ku ìṣẹ́jú méjìlélógún kí aago dún." Ó mú ìwé kékeré jáde, ó kọ ọ́: Ọjọ́ kìíní, a kò tì í.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde, Abọ́sẹ̀dé tẹ sítáàtà. Kọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kọ́. Bátìrì tí wọ́n gba iná sí láàárọ̀ ti gbẹ bí ọfun ẹni tó gbààwẹ̀. Òógùn bo ọ̀gá àgbà. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ló rí i pé ibi tí òun gbé ọkọ̀ sí dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀nà. Ó tú búréèkì. Lándírófà yí jẹ́jẹ́, ó yí kíákíá, Abọ́sẹ̀dé ju gíà kejì sí i, iná kíńún tó kù nínú bátìrì mú un. Rururu.

"Roseline, ṣé a tì í?"

Roseline ro ó fún ìgbà pípẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ló dàgẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe èèyàn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbádé gbọ́, kò fara mọ́ ọn. "Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí nìyẹn."

"Daddy, ẹ̀dá èèyàn lẹ wí. Ṣé ẹ fẹ́ pe òkè lẹ́jọ́ ni?"

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti Ọ̀fà títí dé abúlé náà tí Abọ́sẹ̀dé kò mọ̀ bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọjà ti rọ̀ wálẹ̀ bí ìbú ọwọ́ kan. Ibi tí iyọ̀ wà kọ́ ló ti ń ra iyọ̀ mọ́, ibi tí òkè wà ni. Aládùúgbò kan bí i léèrè ìdí tó fi ń gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé òun ní gbogbo alẹ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló dáa fún un.

Bàrákàt ń ya wèrè lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Dáínámò ń yí, Mummy. Wáyà dáa. Bátìrì tuntun ni. Ẹnì kan ló ń mu iná yìí."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Àbí ìyá ewúrẹ́ ló ń bínú?"

Báyìí ni wọ́n ń fà á títí di ọjọ́ kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì péré ló kù, ara Abọ́sẹ̀dé sì ti ń yá bíi ti ẹni tó rí òpin ẹrẹ̀ níwájú. Ó ti sọ fún àlùfáà pé lọ́jọ́ Àìkú òun ń gbé Lándírófà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Akọ̀wé ìjọ ní kó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́. Ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń kọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn: Ọlọ́run Olódùmarè, àlùfáà, Daddy Tófúnmi fún sùúrù rẹ̀, Bàrákàt, wẹ́dà, ẹni tó ta táyà, ẹni tó wa katakata. Ó tilẹ̀ kọ ewúrẹ́ mẹ́rin.

Roseline na ọrùn wò ó. "Bàbá tó tà á fún yín ńkọ́?"

Bírò dúró.

"Ẹ kúkú ti lọ kí i lọ́jọ́ kejì," ni Roseline wí, "kẹ́ ẹ lọ sọ pé ẹ ṣé àná."

Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé orí tábìlì tò.

"Ọ̀gá. Ẹ lọ, àbí ẹ ò lọ?"

"Ìgbẹ́ ewúrẹ́ la ń fọ̀ lọ́jọ́ kejì," ni Abọ́sẹ̀dé wí, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tí wọ́n bá lẹ́yìn kíláàsì.

Roseline ka ìka rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ." Kò fi kún un. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe tó wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò pa: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀gá àgbà tó ń lé ọmọ kúrò ní kíláàsì nítorí pé wọn kò kí olùkọ́, ó gbé ọkọ̀ àgbàlagbà lọ bíi ti ọlọ́ṣà, ó sì ń múra láti lọ jó níwájú pẹpẹ.

"Bí a bá jáde, Ijagbo là ń lọ tààrà," ló wí.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Ó tan iná iwájú, ó tan ohun tó ń nu òjò, méjèèjì sì ń mu bátìrì bí ìbákasíẹ. Wọ́n yà wọ ọgbà Bàbá Jacob bí òjò ṣe ń dá. Abọ́sẹ̀dé tẹ búréèkì, ọkọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó tẹ sítáàtà. Kọ́ kankan ò dún. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo ilẹ̀ yíká, ẹ̀rù sì bà á: ọgbà Bàbá Jacob tẹ́jú bí àwo oúnjẹ.

Nílẹ̀ yìí, èèyàn lè pariwo omi kó má rí ẹni dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ rẹ̀ sáà kú: kó tó ṣílẹ̀kùn, ogún ọwọ́ á ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta lúdò lábẹ́ ìbòrí ilé kejì ti dìde. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, wọ́n di mẹ́rìndínlógún.

"Mummy, ẹ wọlé, ẹ fi sí gíà kejì. A ti dé."

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ràn mí lọ́wọ́."

"Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rù, a ò gba kọ́bọ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi mí sílẹ̀ nínú ìṣòro mi."

Wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n rò pé òjò ti pa ìyá náà lórí dà, wọ́n tẹ̀ síwájú. Roseline fò bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó na agbòòrùn rẹ̀ bí ọ̀kọ̀. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, mo máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ Ayọ̀mídé, mo mọ̀ ẹ́. Máàkì mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lo gbà nínú ìṣirò mi. Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

Ayọ̀mídé, ẹni tó ti láya tó sì ti bímọ méjì, gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó fi sẹ́yìn.

Bàbá Jacob sì ti jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́sẹ̀dé kò dúró de kí ilẹ̀ gbẹ. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ ṣé àná."

"Àná èwo?"

"Àná ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Bàbá. Mo jẹ̀bi. Ayọ̀ ló gbé mi lọ, mi ò sì wẹ̀yìn."

Bàbá Jacob nawọ́ sí bẹ́ńṣì rẹ̀. "Lọ́jọ́ kejì," ni Bàbá wí, "mo wẹ̀, mo wọ bùbá mi tó dáa, mo jókòó síbí. Lọ́jọ́ kẹta mo tún wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ní bóyá wọ́n ti gé e tà. Mo bọ́ bùbá."

Omi bọ́ lójú Abọ́sẹ̀dé, ó dà pọ̀ mọ́ ti òjò. Bàbá wo Lándírófà. Ó wo àwọ̀ ewé tó ń dán, ó wo táyà, ó wo ẹrẹ̀ tuntun lára rẹ̀, ẹrẹ̀ iṣẹ́. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"O ń wà á lóòótọ́."

"Lójoojúmọ́, Bàbá."

"Dìde." Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó gbé irin gígùn kan tó ní ìgbọ̀nwọ́ méjì, tí wọ́n fi aṣọ tó rin fún òróró wé. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú ni, bí bátìrì bá kú. Èèyàn kì í kó gbogbo ọ̀rọ̀ fún ẹni lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ ọpẹ́ la fi ń parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó ṣí i. Bàbá tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bátìrì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá bẹ́ńṣì fún un.

"Ta ló so èyí?"

Abọ́sẹ̀dé pe Bàrákàt lórí fóònù, ó jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa gbọ́.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí sínú fóònù, "òdìkejì lo so ó. Ọkọ̀ yìí, okùn pupa là ń so mọ́ ara rẹ̀. Dúdú ló ń lọ síbi iṣẹ́."

"Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí ọkọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé."

"Ó wà lọ́run nígbà náà, torí mo ti wà á fún ọgbọ̀n ọdún ó lé."

"Ọkọ̀ á jóná, Bàbá."

"Á jẹ́ pé ó ti jóná nígbà tí wọn ò tíì bí bàbá rẹ."

Ìró sípánà tó jábọ́ dún nínú fóònù. "Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Mo ń bọ̀. Bó bá máa jóná, mo fẹ́ wà níbẹ̀."

Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi já Bàrákàt sílẹ̀, híjáàbù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bàbá Jacob kò bá a jiyàn. Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó ha ọ̀dà kúrò lára àwo irin kan tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà òyìnbó yọ. Bàrákàt kà á. Ó tún kà á. Ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé.

"Mummy. Láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ síbí pé okùn pupa là ń so mọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kùn ún pa."

"Mo kun gbogbo nǹkan," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Bàrákàt fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ okùn méjèèjì. Bàbá Jacob mú wáyà kékeré kan, ó fi kan dáínámò lẹ́ẹ̀kan péré, iná ta pàà. "Dáínámò ti rántí apá ibi tó yẹ kó máa gbé iná lọ," ló wí. Lẹ́yìn náà, ó ki irin náà bọ ihò iwájú ọkọ̀, ó sì pe Abọ́sẹ̀dé.

"Má fi àtàǹpàkò yí i ká. Jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó kù. Bó bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Fà á sókè, má tì í wálẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé fà á. Hùn. Ó tún fà á. Hùn. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ dáadáa, ó rántí gbogbo ìjàkadì tó ti bá sítíárìn jà, ó fà á nígbà kẹta. Lándírófà sín, ó gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàrákàt fò wọ inú ọkọ̀ wo ọwọ́ aago tó ń wọn iná bátìrì. Ọwọ́ náà tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án dìde, ó yí sápá kejì.

"Ó ń jẹun," ni Bàrákàt wí. "Mummy, ó ń jẹun."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin hó yèè bí ẹni pé góòlù wọlé. Roseline na ìwé rẹ̀ sábẹ́ agbòòrùn. "Ẹni kankan ò tì í. Wọ́n fà á ni. Àdéhùn ò sọ̀rọ̀ nípa fífà." Ó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Abọ́sẹ̀dé ò wá òkè kankan. Àárín pápá ilé-ẹ̀kọ́, ibi tó tẹ́jú jù, ló gbé ọkọ̀ sí láti àárọ̀. Gbádé wá nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀kadà ló gbé e wá, ẹrẹ̀ sì dé eékún rẹ̀. Nọ́ńbà oníkọ́ńdẹ́mù wà nínú fóònù rẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Abọ́sẹ̀dé jókòó, ó tẹ sítáàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Rururu.

Gbádé wo ọkọ̀, ó wo Roseline. Roseline na ìwé sí i, ọjọ́ mẹ́wàá, ìlà mẹ́wàá. Ó kà á bí ẹni tó ń yẹ fáìlì wò, ó dá a padà, ó sì ń wá ibi tí wọ́n ń gbà gun ọkọ̀ náà. "Ìyá Tófúnmi, ọ̀kadà yẹn fẹ́ pa mí. Sún díẹ̀."

Ní Sátidé, kí oòrùn tó gbóná, ó ti ká ṣòkòtò sókè pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì àti kànìnkànìn, bẹ́líìtì àti okùn pé sára. Abọ́sẹ̀dé dúró lórí rẹ̀.

"Daddy, ẹ ṣe kíá. Mo fẹ́ lọ sọ pé ẹ ṣé àná kí ilẹ̀ tó mọ́ jù."

"Ṣebí o kí i níjẹta."

"Mo fẹ́ kí i lónìí náà. Gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni."

Nígbà tí Lándírófà yà wọ ọgbà ní Ijagbo, Bàbá Jacob ti wà lórí bẹ́ńṣì. Bùbá funfun ló wọ̀, ó lọ̀ ọ́ dáadáa, fìlà rẹ̀ sì gẹ̀ sí etí ọ̀tún. Abọ́sẹ̀dé bọ́ sílẹ̀ láti kúnlẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí ó ní òun fẹ́ gbé Bàbá lọ yí ká ìlú. Nígbà tí àwọn méjèèjì yíjú padà, ìyá ewúrẹ́ ti jókòó síbi ìjókòó dírẹ́bà, ó tẹjú mọ́ iwájú, ó ń jẹ àpọ́jẹ, ó ń retí kí èrò pé.